Egbò Ẹsẹ̀ Mi àti Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn

Ọjọ́ Àìkú, Júùnù 8

Ẹ̀jẹ̀ wà lára sùtánà mi. Arábìnrin tó jókòó sẹ́yìn mi ní ṣọ́ọ̀ṣì ló rí i, ó tọ́ mi léjìká pé kí n wo ìsàlẹ̀ aṣọ mi. Etí aṣọ funfun ti pọ́n. Mo gbé àtẹ́lẹsẹ̀ ọ̀tún sókè, mo sì rí i: wáyà kọ́pà, irú èyí tí mo fi ń wé kọ́ìlì sípíkà, ti wọ inú ẹran lábẹ́ àtàǹpàkò. Ṣọ́ọ̀bù mi ní Àlàbá ló ti wá, kò sí àní-àní. Mo máa ń bọ́ bàtà tí mo bá ń tún sípíkà ṣe. Bóyá àná ló gún mi, bóyá ìjẹta. Láàárọ̀ yìí ni mo wá fi ẹsẹ̀ lásán rìn láti ilé wa ní Òkòkòmáíkò dé ṣọ́ọ̀ṣì, bí àwa aláṣọ funfun ṣe ń rìn, mo sì ń tẹ̀ ẹ́ wọlé ní gbogbo ọ̀nà.

Kò dùn mí. Ohun tó bà mí lẹ́rù nìyẹn. Wòólì Abíọ́dún ta òróró sí i, wọ́n ní yóò jiná, mo ní àmín. Òjò rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Júùnù 10

Ẹsẹ̀ ti wú. Ó gbóná débi pé n kò lè fọwọ́ lé e pẹ́.

Àlíù gbé ẹran Iléyá wá. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ló kángun sí tèmi, tẹlifíṣọ̀n ló ń tún ṣe, ó sì ti pẹ́ gan-an tí a ti ń bú ara wa. Ó ní owó àgbò Àlàbá Rágò lọ́dún yìí lè ra ọ̀kadà, pé òun kàn dijú rà á kí àwọn àna òun má baà rí ọ̀rọ̀ sọ ni. Ó wo ẹsẹ̀ mi, ó ní itan àgbò tí òun gbé wá kò tóbi tó o. Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n lọ sí ọsibítù. Mo ní omi gbígbóná àti iyọ̀ ti tó.

Ọjọ́bọ̀, Júùnù 12

Bímpé tún pè mí láàárọ̀ yìí.

N kò tíì kọ ọ́ sílẹ̀ rí, nítorí ohun tí èèyàn bá ti kọ sílẹ̀, kò lè sọ pé òun kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ìyàwó mi ni. A sin ín ní Sẹ̀tẹ́ńbà tó kọjá. Nígbà ayé rẹ̀, òun ló máa ń kọ́kọ́ jí, á lọ fa omi nínú kànga ẹ̀yìnkùlé, á gbé korobá rù, á wá dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn irin, á pè mí: "Bàbá Ìní o, ẹ ṣílẹ̀kùn." Ọwọ́ ilẹ̀kùn náà ti já ní ìta látọjọ́ tó ti pẹ́, inú ilé nìkan la ti lè ṣí i. Èmi ni mo máa ń dìde ṣí i fún un. Ní ọjọ́ tó kú pàápàá mo ṣí i fún un. Ó wọlé, ó sọ omi kalẹ̀, ó jókòó lórí àpótí, kò sì dìde mọ́.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí. Kì í ṣe lójoojúmọ́. Ohùn rẹ̀ gan-an ni, kò yí padà, kò jìnnà. Mo máa ń dìde, mo máa ń ṣílẹ̀kùn. Kì í sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Màá rìn dé ìdí kànga, màá dúró díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ òwúrọ̀, màá sì padà wọlé.

Ọjọ́ Ẹtì, Júùnù 20

Ìníolúwa wọlé láìsọ tẹ́lẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo tí a bí ni. Yunifásítì ní Ọ̀jọ́ ló ń gbé, ó ń kàwé másítà nípa àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fa imú, ó ní, "Dádì, kí ló ń rà nínú ilé yìí?" Mo ní bóyá ẹja ni. Ó ní kí n bọ́ ìbọ̀sẹ̀.

Bí a ṣe dé ọsibítù nìyẹn. Dókítà ní òun fẹ́ fi abẹ́rẹ́ tọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ mi, pé kí n di ojú, kí n sì sọ fún òun nígbàkígbà tí mo bá mọ̀ ọ́n lára. Mo dijú, mo ń retí kó bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun ti ṣe é tán.

Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi lé ní ọ̀ọ́dúnrún. Dókítà ní ìtọ̀ ṣúgà ti pẹ́ lára mi, òun ló pa iṣan tó yẹ kó máa mọ ìrora. Ó ní tí egbò yìí kò bá bẹ̀rẹ̀ sí í dí kí Ọ́gọ́ọ̀sì tó parí, àwọn yóò gé àtàǹpàkò náà, òun kò sì lè ṣèlérí pé ibẹ̀ ni yóò mọ. Ìní ń kọ gbogbo ohun tó ń sọ. Èmi ń ronú nípa Gbénga ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ-ìka ẹsẹ̀ kan péré ni wọ́n ní àwọn fẹ́ gé fún un lásìkò Àjíǹde. Wọ́n gé e dé orúnkún. Kérésìmesì kò bá a láyé.

Ọjọ́ Ẹtì, Júùnù 27

Wọ́n ti fà mí lé Nọ́ọ̀sì Ṣọlágbadé lọ́wọ́, ní kílíníìkì kékeré kan ní Ìbà. Obìnrin tó sanra ni, ohùn rẹ̀ tutù, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò tutù rárá. Ó fi abẹ ha gbogbo ẹran tó ti kú dànù. Mo wo ojú egbò náà dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó fẹ̀ tó ìdérí ìgò mínírà.

Òfin rẹ̀ kò pọ̀: kí n máa lo oògùn, kí n jìnnà sí búrẹ́dì Agége, kí n má sì tẹ ẹsẹ̀ yẹn mọ́lẹ̀ rárá. Ó gbé ọ̀pá méjì tí wọ́n ń kì sí abíyá fún mi. Ó ní, "Bàbá, gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ̀ ń dá egbò tuntun sórí ti àná ni." Mo ní mo gbọ́. Gọ́ọ̀sì tí wọ́n fi ń di egbò tún ti wọ́n sí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ìní kò jẹ́ kí n mọ iye tó san.

Ọjọ́rú, Júláì 2

Mo ti ti ṣọ́ọ̀bù pa. Òjò. Bímpé pè mí lánàá, ó tún pè mí lónìí. Ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ọ̀pá méjèèjì wà. N kò rántí wọn títí mo fi dé ìdí kànga.

Ọjọ́ Àìkú, Júláì 6

Wòólì Abíọ́dún wá kí mi lẹ́yìn ìsìn. Mo ti rò pé wọ́n máa bi mí pé ìgbà wo ni màá padà wọ sùtánà. Wọ́n ní Ọlọ́run kò bá ẹnikẹ́ni du ẹsẹ̀, kí n jókòó sílé. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára débi pé mo sọ èyí tí n kò fẹ́ sọ, mo sọ ti ohùn tó ń pè mí. Wọ́n ní àwọn yóò kó ẹgbẹ́ aládùúrà wá, kí ohùn náà lè fi ilé yìí sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, mo ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu.

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ tán ni mo bi ara mi pé kí ni mo ń bẹ̀rù. Mo ń bẹ̀rù pé àdúrà wọn máa gbà.

Ọjọ́ Ẹtì, Júláì 11

Àlíù kírun Jímọ́ọ̀ tán, ó yà wá wò mí. Ẹnu mi ti ya, mo sọ fún òun náà. Mo rò pé yóò fi mí ṣẹ̀sín. Ó rọra sọ ago tíì kalẹ̀.

"Gbóyèga, bí ẹnì kan bá pè ọ́ tí o kò rí ojú rẹ̀, o ò gbọdọ̀ dáhùn. Ṣé ìyá tó bí ẹ ò sọ fún ẹ ni?"

Wọ́n sọ fún mi. Ta ni wọn kò sọ fún ní kékeré? Ẹni tó bá dá òkú lóhùn ti gbà láti bá a lọ nìyẹn. Mo sọ fún Àlíù pé n kò dáhùn rí. Òótọ́ ni. Láti ìgbà tó ti ń pè mí, n kò ṣe hẹ̀n-ín, n kò wúkọ́ pàápàá. Ẹnu mi máa ń wà ní pípadé títí màá fi padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ilẹ̀kùn ni mo kàn ń ṣí. Ó wò mí títí, ó ní agídí mi kò ní jẹ́ kí n dàgbà. Mo ní mo ti dàgbà, kí ni màá fi ìyókù ṣe?

Ó bínú lọ. Ó gbàgbé fìlà rẹ̀ sórí àga.

Ọjọ́bọ̀, Júláì 17

Kílíníìkì. Nọ́ọ̀sì Ṣọlágbadé tú egbò náà. Ó ní ọ̀rọ̀ yìí kò yé òun. Egbò mọ́, kò rùn, ṣúgà ti ń wálẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣì pọ́n, ó ṣì wú, ó ṣì ń ṣomi, bí egbò tí mo gbà lánàá. Ó tún fẹ̀ sí i díẹ̀.

Níbi tí a ti ń dúró de kẹ̀kẹ́ ni Ìní ti ya àwòrán fún mi sẹ́yìn ìwé oògùn. Ó ní bí awọ ara bá ti ya báyìí, àwọn sẹ́ẹ̀lì ibẹ̀ á figbe ta. Igbe wọn kì í ṣe ohùn, purotéènì kéékèèké ni wọ́n ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, láti fi ránṣẹ́ pé ẹ gbà wá o. Àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogun ara, á gbọ́, wọ́n á sáré dé. Dídé wọn ló ń mú kí ojú egbò wú kó sì gbóná. Wọ́n á pa kòkòrò, wọ́n á kó ẹran tó ti kú jẹ. Ó ní kò sí aburú nínú ìyẹn, pé egbò tí kò bá pe ẹnikẹ́ni kò lè jiná láéláé. Ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ mélòó kan, wọ́n gbọ́dọ̀ rán iṣẹ́ kejì jáde: ó ti tó, ogun ti tán, kí àwọn tó ń kọ́lé wọlé wá. Lára ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, iṣẹ́ kejì yẹn kì í tètè jáde. Ìpè àkọ́kọ́ kò ní dákẹ́. Àwọn ọmọ ogun kò rí ọ̀tá mọ́, wọn kò sì lọ sílé. Ẹran tuntun tó fẹ́ hù ni wọ́n á máa jẹ.

Mo ní bí ìgbà tí máìkì bá sún mọ́ sípíkà jù ni. Ohun tó jáde nínú sípíkà ni máìkì á gbé, á dá a padà fún sípíkà, á máa hu, kò sì sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ mọ́. Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, Dádì, bó ṣe rí gan-an nìyẹn." Inú rẹ̀ dùn. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí eyín rẹ̀.

Mo bi í pé ta wá ló ń pè wọ́n, nígbà tí kò sí ọ̀tá. Ó ní egbò náà fúnra rẹ̀ ni, pé nǹkan kan wà tó ń jí i lójoojúmọ́. Ó ní ká ní òun mọ nǹkan náà ni.

N kò lè jẹun alẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Júláì 22

Wọ́n ti mú mi.

Nọ́ọ̀sì tú báńdéèjì, ó gbé e sún mọ́ fèrèsé, ó fi èékánná ha ìsàlẹ̀ rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ pupa ló jábọ́. Ó ní, "Bàbá, orí bẹ́ẹ̀dì lẹ ní ẹ wà. Ṣé orí bẹ́ẹ̀dì yín ni wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ sí?" Kí n tó wá irọ́ tó dára, Ìní ti gba báńdéèjì náà lọ́wọ́ rẹ̀. Iyanrìn funfun ni gbogbo àdúgbò wa. Ìdí kànga wa nìkan ló pupa, níbi tí mo ti da iyẹ̀pẹ̀ pupa sí nítorí ẹrẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ ló bá mi tẹ́ ẹ, ó sì mọ̀ ọ́n.

A délé, ó lọ tààrà sídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó kọ̀yìn sí mi. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo ń retí pé yóò bínú, tàbí kó ní ọpọlọ mi ti ń dàrú. Ohun tó bi mí ni pé, "Kí ló dé tí Mọ́mì ò pe èmi rí?"

Ó jókòó lórí àpótí tí ìyá rẹ̀ jókòó lé kẹ́yìn, ó sunkún bí kò ṣe sunkún nígbà ìsìnkú. Èmi náà sunkún.

Mo ti ń rò ó láti ìrọ̀lẹ́. Àlíù sọ ọ́ fún mi, agídí kò jẹ́ kí n gbọ́. Mo ń yangàn pé n kò dáhùn. Ẹnu mi ni kò dáhùn. Ẹsẹ̀ mi ti ń dáhùn láti ọjọ́ yìí wá, ní gbogbo òwúrọ̀ tó bá pè mí, pẹ̀lú egbò lábẹ́ rẹ̀. Mo rò pé mo gbọ́n ju òfin lọ. Ìpè méjì ló wà nínú ilé yìí, ti Bímpé àti ti egbò, èmi ni mo sì ń jí ọ̀kan fún èkejì.

Ọjọ́bọ̀, Júláì 24

Ìní ti kó ẹrù rẹ̀ wá, pálọ̀ ló ń sùn sí.

Mo ti jí kí ohùn náà tó dé. "Bàbá Ìní o, ẹ ṣílẹ̀kùn." Mo di irin bẹ́ẹ̀dì mú. Ó tún pè. Kò bínú. Ká ní ó bínú ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn. Ohùn ẹni tó ru omi tó sì mọ̀ pé mò ń bọ̀ ni. Kí n tó mọ̀, ẹsẹ̀ mi ti sọ̀ kalẹ̀. Mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e padà sórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni gbé ọmọ. Nígbà tó pè kẹ́yìn, ó pe orúkọ mi gan-an, Gbóyèga, èyí tí kì í pè tí èèyàn bá wà nítòsí. Lẹ́yìn náà, n kò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Mo fi obìnrin tó ru omi sílẹ̀ lóde. N kò mọ orúkọ mìíràn tí mo lè pe ohun tí mo ṣe.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Júláì 29

Egbò kò fẹ̀ sí i. Nọ́ọ̀sì ní kí n má tíì jó. Ṣúgà ti wá sí ogóje. Bímpé pè mí ní Àbámẹ́ta, ó pè mí ní Àìkú. N kò lọ. Ìrẹsì ọ̀fadà ni Ìní ń sè fún mi, ṣíbí díẹ̀, bí ẹni ń bọ́ ẹyẹ.

Ọjọ́ Àìkú, Ọ́gọ́ọ̀sì 3

Ìní tẹ́ ẹní sídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó sùn síbẹ̀. Ó ní kí n má rẹ́rìn-ín òun. Láàárọ̀ mo gbọ́ ohùn náà ketekete. Mo dúró títí ó fi dákẹ́, mo wá bi í bóyá ó gbọ́ nǹkan. Ó ní òun gbọ́ ìpè àdúrà láti mọ́sálásí, òun sì gbọ́ òjò nínú páànù. Ó ní, "Mo tiraka, Dádì." Ó ká ẹní rẹ̀, ó lọ gbé omi kaná.

Ọjọ́ Ẹtì, Ọ́gọ́ọ̀sì 8

Nọ́ọ̀sì Ṣọlágbadé fi ìka hàn mí: ní etí egbò, awọ tuntun tín-ín-rín kan ti ń yọ, ó rọ̀, ó sì ń dán. Ó ní àwọn kọ́lékọ́lé ti dé. Ìní ló kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ yẹn. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, wọ́n sì bọ ara wọn lọ́wọ́ lórí ẹsẹ̀ mi.

Èmi kò lè bá wọn yọ̀ tó bó ṣe yẹ. Láàárọ̀ yìí ohùn Bímpé ti rẹ̀. Ó dà bíi pé korobá ti ń wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mo wá ń ro ohun tí Ìní sọ nípa iṣẹ́ kejì. Ara mi ti rí tirẹ̀ gbà. Ta ló rán iṣẹ́ kejì sí Bímpé? A sin ín, a jẹ, a mu, a ya fọ́tò, oníkálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé omi ti tó. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn, ìyẹn nìkan ni mo ṣe. Ẹni tí a kò dá lóhùn, tí a kò sì ní kó máa lọ, kí ló fẹ́ ṣe ju kó máa pè lọ?

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọ́gọ́ọ̀sì 12

Mo ránṣẹ́ pe Rájí tó ń jó irin pọ̀ pé kó wá tún ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ṣe. Mo jókòó lórí àga, mo na ẹsẹ̀ sórí àpótí, mo ń pàṣẹ. Ó jó ọwọ́ tuntun mọ́ ọn ní ìta, ó ha gbogbo ìpáàrà, ó ta òróró sí ìsokọ́ rẹ̀. Ó fi ìka kan tì í, ó ṣí. Ó bi mí pé ta ni yóò máa gba ibẹ̀ wọlé, nígbà tó jẹ́ pé kànga nìkan ló wà lẹ́yìn, tí ògiri sì yí i ká. Mo ní ẹni tó bá fẹ́. Ó wo Ìní, Ìní wo ilẹ̀.

Nígbà tó lọ, mo ní kí Ìní gbé àga mi sún mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn. Ó gbé e, ó sì yẹra fún mi. Oòrùn wà lójú ọ̀run, àwọn ará ilé kejì ń lọ ata. N kò wá òru, n kò sì tan àbẹ́là. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe máa ń bá a sọ̀rọ̀.

"Bímpé, omi inú ilé ti tó. Sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò lè wá ṣí i fún ẹ mọ́, ṣùgbọ́n mo ti tún ilẹ̀kùn ṣe. Tó o bá fẹ́ wọlé, ó ń ṣí láti ìta."

Ohun tí mo dáhùn fún un nìyẹn, pẹ̀lú ẹnu, lójú ọ̀sán. Tí Àlíù bá gbọ́, yóò ní mo ti kú. Kó má gbọ́.

Ọjọ́rú, Ọ́gọ́ọ̀sì 20

Kò pè mí láti ọjọ́ yẹn. Mo ń jí, mo ń dúró dè é. Àkùkọ, mọ́sálásí, jẹnẹrétọ̀ àwọn ará iwájú. Egbò ti kéré sí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì. Kò gbóná mọ́. Mo ń fọwọ́ kàn án, ó tutù bí ara yòókù, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ rẹ̀ sì ń bà mí nínú jẹ́. N kò mọ̀ pé èèyàn lè máa sàn kó sì máa sunkún.

Ọjọ́ Ẹtì, Ọ́gọ́ọ̀sì 29

Dókítà wá sí kílíníìkì, ó ní kò sí gígé. Ó tún un sọ. Ìní bú sẹ́kún níwájú gbogbo èèyàn. Àlíù wà níta, ó ní òun kàn ń kọjá ni, láti Àlàbá dé Ìbà. Mo fún un ní fìlà rẹ̀ tí mo ti ń gbé kiri. Ó ní ẹsẹ̀ burúkú kì í tètè kú, ó wá yí ojú sẹ́yìn, ó ń nù ún.

Ọjọ́ Àìkú, Sẹ̀tẹ́ńbà 14

Egbò ti pa. Àpá rẹ̀ mọ́, ó tẹ́jú. Òfin tuntun: n kò gbọdọ̀ rìn láìwọ bàtà mọ́ títí tí màá fi kú, nínú ilé tàbí lóde. A kì í sì wọ bàtà pẹ̀lú sùtánà. Nítorí náà mo wọ bùbá àti ṣòkòtò, mo wọ bàtà ńlá tí Ìní rà, mo jókòó síta lábẹ́ fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì. Wòólì Abíọ́dún ní kí wọ́n ṣí fèrèsé náà sílẹ̀. Sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì ń hu, mo nawọ́ gba ojú fèrèsé, mo ní kí wọ́n gbé máìkì sẹ́yìn díẹ̀. Ó dákẹ́.

Ọjọ́ Ẹtì, Sẹ̀tẹ́ńbà 19

Ó pé ọdún kan lónìí.

Ìní fẹ́ padà sí yunifásítì lọ́la. Òun ló kọ́kọ́ jí láàárọ̀ yìí. Mo gbọ́ tó lọ sẹ́yìn, mo gbọ́ tó dúró. Ó padà wá sẹ́nu ọ̀nà yàrá mi, ó ní, "Dádì, ẹ ti jáde ni? Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wà ní ṣíṣí."

Mo ní èmi ni. Mo ní mo fẹ́ gba atẹ́gùn díẹ̀. Ó ní ṣé mo wọ bàtà, mo ní mo wọ̀ ọ́. Ó lọ gbé ìkòkò ògì kaná.

N kò dìde láti alẹ́. Òjò rọ̀ mọ́jú, ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ti di ẹrẹ̀ pupa, bàtà mi sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì níbi tí mo bọ́ ọ sí, ó gbẹ. Mo wọ̀ ọ́, mo rọra lọ sẹ́yìn. Ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí gbayawu. Korobá rẹ̀ wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga níbi tí a gbé e sí lẹ́yìn ìsìnkú, òjò ti kún inú rẹ̀. Mo dúró títí mo fi gbọ́ tí Ìní ń pè mí wá mu ògì.

Mo ti ilẹ̀kùn padà. N kò fi kọ́kọ́rọ́ tì í.